Ọjọ́ Tí Iléru Sinmi

Bàbá Iná ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń bọ́ iléru ní ilé iṣẹ́ tó ń fi èédú pèsè iná mànàmáná. Èékánná rẹ̀ dúdú, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í sá aṣọ síta bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti apá ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Bí iléru bá ń ṣe ségesège, á fetí sí ìlẹ̀kùn irin rẹ̀ díẹ̀, á sì mọ ibi tó ń dùn ún.

Ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti yan ọ̀nà tí wọn yóò fi dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀: kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ eléèédú pa, kí wọ́n bu owó orí lé epo mọ́tò, tàbí kí wọ́n lé àwọn ọkọ̀ ògbólógbòó kúrò lójú títì. Ọ̀kan ni wọn yóò kọ́kọ́ mú. Kí wọ́n tó yàn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá fojú ara àwọn rí ilé iṣẹ́ náà.

Jìnnìjìnnì bo àwọn òṣìṣẹ́. Ilé tí Bàbá Iná ń gbé, ti ilé iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, àtiṣẹ́ àtilé ló lọ.

Wọ́n kóra jọ sí yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Ọmọkùnrin tó ń tún wáyà ṣe ní, "Bí wọ́n bá fi lè rí èéfín yẹn, ó parí."

Bàbá Iná ní, "Wọn ò ní í rí i."

"Ṣé ẹ fẹ́ dé e ní fìlà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Màá jẹ́ kí gbogbo iléru sinmi. Kí wọ́n tó dé, ojú ọ̀run á ti mọ́."

"Iná ìlú ńkọ́?"

"Àwọn tó ń fi omi pèsè iná lápá òkè odò á gbé e. Òjò ti rọ̀, odò kún. Mo ti bá wọn sọ ọ́."

"Àgbà ò ní tán láàárín wa, Bàbá!"

Ọ̀gá wọn gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Obìnrin kúkúrú kan tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wọlé, ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn iléru. Ó tutù.

"Gbogbo ẹ̀ lẹ pa, Bàbá?"

"Gbogbo ẹ̀, mà. Èéfín wa ò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń wí."

Obìnrin náà gbójú sókè wo gílóòbù tó ń tàn lórí wọn.

"Iná yìí, níbo ló ti ń wá?"

"Òkè odò, mà."

"Gbogbo ìlú ló ní iná báyìí?"

Bàbá Iná la ẹnu. Ìgbà yẹn ló tó yé e.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò máa ń fà…"

"A máa wò ó," lobìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sì yangàn. Ó yí padà, àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Orí rédíò ni wọ́n ti gbọ́ pé ilé iṣẹ́ eléèédú ni ìgbìmọ̀ mú láti tì pa. Wọ́n ní ìlú ti lo odindi ọjọ́ kan láìsí i, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn yóò fi iná olóòrùn kún un.

Ọmọkùnrin oníwáyà kọjá lára Bàbá Iná, kò wò ó lójú.

"Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Tiyín wá tọ gbogbo wa."

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá wọn, bóo pa á bóo ò pa á, wọ́n á tì í."

"Bóyá."

"Ṣé kí n máa di ẹrù?"

Ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó ku iléru kan ṣoṣo tó ṣì ń jó, ọ̀gá ní kó wá pa á, nítorí òun ló mọ̀ ọ́n pa tí irin kì í fi í sán. Àwọn tó fẹ́ fọ́ ọ tà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ó rọra fa ẹyin iná jáde díẹ̀díẹ̀, bó ti yẹ. Irin náà kò sán. Kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́.