Ẹ̀kọ́ Ilé Aqeelah

Níbi tí Ráfátù ti ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé wọn l'Ẹ́dẹ ni ọmọ rẹ̀, Aqeelah, ti wá kúnlẹ̀ tì í. "Màámi, ọkàn mi ò balẹ̀. Mi ò rí oorun sùn." Tíṣà wọn ló kọ́ wọn pé ẹni tí nǹkan bá ń jẹ lọ́kàn, kó sọ fún àgbà.

Inú bí Ráfátù. "Àwa tá a jìyà dàgbà, ta la rò ó fún? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé kì í ráhùn sí àgbà létí. Lọ pọnmi!"

Aqeelah lọ pọnmi. Kò ráhùn mọ́.

Ní báyìí, kì í jẹun, kì í jáde, orí ẹní ló ń wà. Ráfátù alára ló wá kúnlẹ̀: "Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, kí ló ń ṣe ọ́?"

Ọmọ náà dìde, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Kò sí nǹkan kan, màámi. Ẹ kú iṣẹ́."