Ẹja Inú Igbá Yèyé

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀kà Àkókó, láyé ìgbà tí sòbìà ń dá alágbára dùbúlẹ̀, kò sí ọmọ tó mọ ọ̀nà odò tó mi. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n jù mí lọ, irọ́ ló ń pa. Ìwé mi kò ju kíláàsì kẹrin lọ, ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé tó rí ohun tí mo rí kò pọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi eyín já ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ẹ kò mọ sòbìà. Aràn ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, ó sì gùn ju apá mi lọ. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ wú, á lé ròrò, á máa ta ẹni bí iná. Ìgbà náà ni aràn á yọrí jáde, tí a ó máa yí i mọ́ igi ìṣáná díẹ̀díẹ̀. Bó bá já sínú, ó di wàhálà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ó yọ sí bàbá mi lórúnkún. Bàbá mi, tí àwọn èèyàn ń ti Àjọwá wá wo ebè rẹ̀! Ó di ẹni tí à ń gbé jókòó. Ebè ò ṣeé kọ. Nígbà tí oúnjẹ tán, ìyá mi wọ inú àká, ó kó èèbù tó yẹ ká gbìn, ó sè é fún wa. Bàbá mi kọjú sí ògiri.

Àsìkò yẹn ni àwọn olùwádìí yunifásítì tó wọ̀ sí Ìkàrẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, obìnrin kan ló ṣáájú wọn. Ó bu omi odò wa sínú gíláàsì, ó ní ká fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Kòkòrò kéékèèké ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú rẹ̀! Ó ní inú wọn ni ọmọ sòbìà ń gbé, àwa la sì ń gbé wọn mì. Ó ní bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta bá ki ẹsẹ̀ bọ odò kó lè tù ú, aràn á tún tú ọmọ síbẹ̀. Bàbá mi wolẹ̀. Àràárọ̀ là ń gbé e lọ ki ẹsẹ̀ bọ odò náà.

Wọ́n gbé oògùn tí wọ́n fẹ́ dà sódò wá. Ṣùgbọ́n odò ní alámòójútó, ìyá arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Ìdílé rẹ̀ ló ń bọ odò náà. Ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ da nǹkan sí i láìjẹ́ pé ó gbà.

“Oògùn tó ń pa kòkòrò,” Yèyé bi wọ́n, “ta ló bá a sọ ọ́ pé kó fo ẹja?”

Obìnrin náà kúnlẹ̀. “Yèyé, ìwọ̀nba la ó lò. Kò ní pa ẹja, kò ní ba omi jẹ́.”

“Ẹ̀yin ará yunifásítì! Ẹnu yín mà dùn o. Ẹja wa ò gbọ́ òyìnbó.”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rín. Ó ní, “Ìyáàfin, ṣé yóò wo ẹsẹ̀ mi sàn?”

“Rárá, Bàbá. Mi ò ní purọ́ fún yín. Torí ọdún tó ń bọ̀ ni.”

Bàbá mi kọjú sí arúgbó náà. “Yèyé, ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á. Ẹsẹ̀ ọmọ mi yìí ló kù tó lè ròko nílé.”

Yèyé wo orúnkún bàbá mi. Ó wá nawọ́ sí mi. “Ìwọ onífáàrí yìí, lọ mú ẹja wá fún mi.”

Ẹ gbọ́ o! Èmi nìkan ni ọmọ Ọ̀kà tí wọ́n ní kó pẹja nínú odò yẹn. Mo kó wọn sínú igbá, obìnrin náà kán oògùn sí i. Yèyé gbé igbá wọ yàrá rẹ̀. Ó ní bí ẹyọ kan bá kú kílẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n ru oògùn wọn padà sí Ìkàrẹ́. Bí wọn ò bá kú, kí obìnrin náà mu nínú omi ọ̀hún.

Láàárọ̀, gbogbo àdúgbò pé. Bàbá mi ní ká gbé òun wá. Yèyé ṣí igbá, àwọn ẹja ń jùrù! Ọ̀kan tilẹ̀ ta omi sí i lójú. Obìnrin náà fi aṣọ sẹ́ omi náà, ó mu. Yèyé gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èmi ni mo lodò,” ló wí. “Àlejò nìkan ò ní mu ún.”

Òun náà mu. Èmi náà mu, ẹnikẹ́ni ò rán mi.

Wọ́n da oògùn sódò lọ́jọ́ náà, wọ́n pín aṣọ asẹ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan. Yèyé fúnra rẹ̀ jókòó sétí odò, igi ló fi ń lé ẹni tí sòbìà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún kejì, sòbìà dín. Nígbà tó yá, ó tán.

Ayé ti yí. Bí mo bá dárúkọ sòbìà fún àwọn ọmọ mi lónìí, wọ́n á ní ṣé orúkọ ẹja ni. Inú mi kì í bàjẹ́ sí i. Ẹja ṣì wà nínú odò náà, ẹsẹ̀ mi méjèèjì rèé, wọ́n ń dán.

Ṣùgbọ́n kí oògùn tó dé, nǹkan mẹ́ta ti lọ nílé wa. Orúnkún bàbá mi kan, kò nà mọ́ títí ó fi kú. Èèbù ọdún kan, a jẹ ẹ́ tán. Ilé-ìwé mi, láti kíláàsì karùn-ún lọ.