Káfíńtà Tó Ń Fi Ọwọ́ Wọn Ẹ̀rọ

Káfíńtà náà fi àtàǹpàkò ra etí fọ́míkà, bébà líle tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú pákó, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó dúró níbì kan, ó tún un rà, ó sì wo àtàǹpàkò náà bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Etí fọ́míkà ti kán níbẹ̀, ṣágiṣàgi, bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Èkejì nìyẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Télọ̀ ni, yàrá kejì ló ti ń ránṣọ. "Ẹ̀kẹta ni wọn ò ní gbà lọ́wọ́ yín."

Ó mọ̀. Obìnrin tó ń ta oògùn òyìnbó, tó gbé iṣẹ́ kàǹtà, tábìlì ìtajà, fún un, fọ́míkà lórí, ike níwájú, ti dá pákó kan padà. Bí èyí tí yóò gbé wá lọ́la bá tún kán, káfíńtà mìíràn ni yóò pè. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkùnrin yìí ti ń fi fáìlì rẹ́ etí fọ́míkà. Ẹni tó bá ń lo tirímà, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọ̀lẹ ló ń pè é. Ní báyìí, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ń dùn ún.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù onírinṣẹ́ lọ; tirímà mẹ́rin wà lórí tábìlì níbẹ̀. Káfíńtà kò bèèrè ohunkóhun nípa wọn. Ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ wọ́n sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra òòlù. Èyí tó wúwo jù ló mú.

"Bàbá wọn, ṣé ìṣó lẹ fẹ́ fi kàn ni?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ohun tó bá fúyẹ́, atẹ́gùn ní í gbé e."

"Atẹ́gùn ò tíì gbé abẹ́rẹ́ mi."

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó dán an wò lára àgékù fọ́míkà àti ike tó mú wá. Fọ́míkà gé dáadáa. Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀. Ó wá kan ike. Ike yọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ bí ṣingọ́ọ̀mù.

"Ike yìí ò dáa."

"Ilé yín lẹ ti mú un wá, ẹ̀gbọ́n," ni onírinṣẹ́ wí. "Eré àsápajúdé nìkan lẹ̀rọ yìí mọ̀. Jẹ́jẹ́ ni ike ń fẹ́."

Télọ̀ ti mú èyí tó kéré jù. Kò wọ̀n ọ́n wò. Ó dì í mú bí àlùmọ́gàjí, ó sì fi í sọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Onírinṣẹ́ yí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà kí eré rẹ̀ lè dínkù. Káfíńtà fi gé etí ike mìíràn, ẹ̀rọ náà ń kùn bí oyin. Nígbà tó dákẹ́, télọ̀ yọ àjákù aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ó fi nu etí ike náà lọ, ó fi nu ún bọ̀. Aṣọ kò kọ́ níbì kankan.

Káfíńtà gbé ẹ̀rọ kékeré náà fún onírinṣẹ́.

"Ẹ bá mi dì í." Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Ṣé ẹ ò ní páálí tó tóbi ju tirẹ̀ yìí lọ? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń jókòó lójú ọ̀nà yẹn."

"Ẹ bá wọn wá ti fíríìjì," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Onírinṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Páálí tí wọ́n rí tóbi tó ìjókòó àga. Ó gbé e lé èjìká, ó jáde. Bó ṣe kan ojú títì, níbi táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí, ó tẹ èjìká sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì, ó sì ń lọ.