Òwúrọ̀ Tí Òrí Kò Fẹ́ Yọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti na ọrùn kí n tó rí inú odó, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mò ń gbé ní Ṣakí, èmi àtàwọn nìkan. Òrí ni ìyá àgbà ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra òrí nínú ike, ẹ jókòó kí n sọ fún yín bí a ṣe ń ṣe é. A ó lọ ṣa èso rẹ̀ nínú ọ̀dàn, a ó sè é, a ó sá a, a ó fọ́ èèpo rẹ̀, a ó yan kóró inú rẹ̀, a ó gún un, a ó sì lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi dúdú bí ẹrẹ̀. Ẹ má rò pé ó parí o, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin á kúnlẹ̀ ti ọpọ́n ńlá, á máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, á máa fi ọwọ́ lù ú títí ohun dúdú yẹn yóò fi di funfun. Bí omi bá tutù jù, òrí kò ní yọ. Bó bá gbóná jù, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é nìkan ló mọ bó ṣe yẹ kó rí.

Ọdún kan wá wà tí àìsàn dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dìde, apá ọ̀tún wọn ti rọ. Ó wà lára wọn o, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu mọ́. Ẹ wò ó, ìyà kéékèèké ló ń tán ènìyàn ní sùúrù: aṣọ tí kò ṣeé ró, gèlè tó ń já bọ́, omi àlùwàlá tó ń dà sílẹ̀ kó tó kan ojú. Ìyá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di oníbìínú. Ewúrẹ́ kọjá, wọ́n bú u. Èmi kọjá, wọ́n bú mi mọ́ ọn. Àwọn aládùúgbò á ní, "Màmá, ẹ sinmi, ẹ ti ṣe tó." Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn wọ́n jù.

Bàbá mi náà, àánú ló ṣe wọ́n, wọ́n wá láti ilé wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ìyá mi, ẹ ṣe èyí tí ẹ ti lọ̀ sílẹ̀ yìí. Bí kò bá yọ, ẹ dákun, màá gbé odó àti ọlọ fún ìyàwó mi, kí ẹ wá sọ́dọ̀ wa, kí ẹ máa jókòó jẹun." Ìyá àgbà fi ọwọ́ òsì fa ọpọ́n wọn mọ́ra. Kí wọ́n tó bí bàbá mi ni wọ́n ti ń ṣe òrí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi jíjókòó ṣe?

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọyẹ́ mú bí nǹkan míì. Igi ìdáná kọ̀, kò jó dáadáa. Ìyá àgbà kírun tán, wọ́n kúnlẹ̀ ti ọpọ́n, wọ́n ní, "Bísímílà," wọ́n ti ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́. Wọ́n lù ú, wọ́n lù ú. Kò yọ. Wọ́n bu omi sí i, kò yọ. Oòrùn gòkè, òrí ṣì dúdú, ó kàn ń wò wá. Ni ìyá àgbà bá bú sẹ́kún. N kò rí ẹkún wọn rí, kódà nígbà tí àìsàn ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní, "Ọwọ́ òsì yìí ò mọ omi. Ọ̀tún ló mọ̀ ọ́n."

Wọ́n wá gbójú sókè. "Ọlọ́run Ọba, mi ò bi Ọ́ léèrè ìdí tí O fi mú èyí tí O mú. Ṣùgbọ́n Ìwọ lo ni òrí, Ìwọ lo ni omi. Mi ò mọ èyí tí màá ṣe mọ́. Sọ fún mi." Wọn kò pariwo rárá. Bí ẹni ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí. "Ìyá mi kékeré, ti ọwọ́ bọ omi yìí. Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní ó tutù. Wọ́n bu omi gbígbóná látorí iná mọ́ ọn. "Ìsinsìnyí ńkọ́?"

Mo ní, "Ó dà bí omi tí ẹ fi ń wẹ ọmọ tuntun."

"Ìyẹn ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín tomijé tomijé. "Ìyẹn gan-an ni mo ń wá."

Wọ́n da omi náà sí i, wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi sábẹ́ tiwọn nínú ọpọ́n, a jọ ń lù ú. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹrẹ̀ lásán ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó ń fa ìka mi. Lójijì ó fúyẹ́, mo rí funfun tín-ín-rín kan létí ọpọ́n, kí n tó lanu, gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó di funfun mọ́ mi lọ́wọ́! Ó ń ru sókè láàárín ìka mi. Orí mi wú, mo kígbe. Mo ti gun òkè Adó-Àwáyè láti ìgbà náà, mo ti rí adágún tó jókòó sórí àpáta, ó sì yà mí lẹ́nu lóòótọ́. Síbẹ̀ kò tó tọjọ́ yẹn. Ìyá àgbà kò kígbe ní tiwọn. Ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé, "O gbọ́ mi. O mà gbọ́ mi."

Nígbà tí bàbá mi dé lọ́sàn-án, wọ́n wo inú ọpọ́n, wọ́n wo ojú ìyá wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Odó ò kúrò níbi tó wà.

Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ló ń pò ó. Mi ò bá ẹ̀rọ jà o. Ẹni tó bá ní ti àtijọ́ ló dára jù, kó wá yá mi ní orúnkún tirẹ̀. Àmọ́ mo ń rí yín: iná lọ, ẹ pòṣé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ojú yín á pọ́n bí ẹni tí ayé dojú rú fún. Èmi náà ń pòṣé, kí n má parọ́. Ayé yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkàn wa ni kò balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń bi mí bóyá apá ọ̀tún ìyá àgbà padà san. Wọ́n fẹ́ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò san. Títí a fi sin wọ́n, apá yẹn kò gbé nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Màmá, ṣé ẹ wà dáadáa?" wọ́n á dáhùn láti inú yàrá pé, "Àwa méjèèjì wà o, a dúpẹ́." Èmi àtàwọn nìkan la wà nínú ilé náà, mo sì mọ̀ dájú pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń kà mọ́ ara wọn, Ẹni tó gbọ́ wọn níbi ọpọ́n ni.