Ìyálé Mi Lórí Òkun

Ìyálé mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kì í jẹun kí gbogbo ilé tó jẹ. Nílé wa ní Ìwó, àwọn ló ń bu oúnjẹ fún tọmọdé tàgbà. Bí mo bá ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ẹni tó di ìgbakọ mú kì í kọ́kọ́ yó."

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mú àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá lọ ṣe ìsinmi. Ọjọ́ mẹ́ta, ìyálé mi ò jẹ ju búrẹ́dì lọ. Lọ́jọ́ kẹta yẹn, òkun parọ́rọ́, àwọn òyìnbó nà gbalaja sínú oòrùn bí èlùbọ́ tí wọ́n sá. Ọmọ wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá kékeré, ebi á pa Màámi kú sórí omi o!"

"Ṣé o ò mọ̀ wọ́n ni? Wọn ò tíì bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tá a ti dé. Ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gbé abọ́ ìrẹsì ńlá wá."

Wọ́n gbé e wá. Ìyálé mi dìde, wọ́n bu ìrẹsì fún ọmọ wọn, wọ́n bu fún mi, wọ́n bu fún obìnrin tó gbé oúnjẹ wá pàápàá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó, wọ́n sì ń jẹun. Àwa ò lè jẹ tiwa, à ń wo ẹnu wọn.

"Kí lẹ̀ ń wò? Àbí ọbẹ̀ ò dùn ni?"

Ọmọ wọn, géńdé ọkùnrin, kàn dorí kodò ni, omi ojú rẹ̀ ń kán sínú àwo.