Igi Tó Bá Ti Rí Ọ̀dà

Ní ọdún tí ìjọba ti ẹnubodè pa, tí ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè di ohun tí à ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bèèrè, Nathaniel Akínbọ̀wálé pinnu láti sáré láti Ìlaró dé Àfọ̀n. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, olùkọ́ jọ́gíráfì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Aiyétòrò. Katikíìsì ni bàbá rẹ̀, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlaró ló sì dàgbà sí. Ó mọ máàpù ju bó ti mọ oko lọ.

Ohun tó gbé e dé ìdí eré náà hàn sí gbogbo ayé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù kọjá tẹ́lẹ̀ ti yà sínú igbó, èédú ni wọ́n ń sun. Wọ́n ń gé igi apá, wọ́n ń gé igi ayan, wọn kò sì dá emi sí, igi tí àwọn obìnrin ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Àpò èédú tò sẹ́bàá ọ̀nà bí ọmọ ilé-ìwé tó wà lórí ìlà. Nathaniel kọ lẹ́tà sí àwọn ìjọ àti sí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi, pé bí òun bá sá eré náà dé òpin, kí wọ́n dáwó ra irúgbìn igi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbìn. Wọ́n gbà. Edith ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàbá Dámilọ́lá, ṣé ẹsẹ̀ yín náà lẹ fẹ́ fi sá a, àbí ẹ ti yá ti ẹlòmíràn?”

“Ẹsẹ̀ mi ni. Ìwọ ṣáà máa se ẹ̀wà sílẹ̀.”

Láti Aiyétòrò lọ sí Àfọ̀n ni ìṣòro wà. Sójà àti kọ́sítọ́ọ̀mù ti gba ojú títì kan. Ẹni tó bá ń sáré tòun ti ẹrù lẹ́yìn, onífàyàwọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ pè é. Nítorí náà, ó yàn láti gba ọ̀nà oko. Kí ó má baà ṣìnà, ó gbé agolo ọ̀dà funfun kan lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, ó ń kun òrùka yí àwọn igi ńláńlá ká láti oko dé oko.

Olúdayọ̀, àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ lórí ọ̀kadà, bá a nídìí èyí tó kẹ́yìn.

“Tíṣà! Ẹ ti sọ ṣọ́ọ̀kì nù, ẹ ti di onígẹdú?”

“Gẹdú kẹ̀! Ọ̀nà eré mi ni mò ń sàmì sí.”

“Ọ̀dà lẹ wá fi ń sàmì? Háà. Igi tó bá ti rí ọ̀dà, ó ti lọ́kọ nìyẹn o.”

Nathaniel rẹ́rìn-ín. Kò bi í pé ọkọ wo. Oòrùn ti ń wọ̀, apá ń ro ó, ó sì fẹ́ tètè délé.

Nínú oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀lé e, ó sá ti Ìlaró dé Aiyétòrò ní ọjọ́ Ẹtì, ó sùn sílé ara rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, nínú ọyẹ́, ó gba ọ̀nà oko. Òrùka funfun rẹ̀ ń yọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì ń dùn. Nígbà tó yá, ó rìn jìnnà kò rí ìkankan. Ìrántí ló fi ń wá ọ̀nà títí ó fi já sí oko Màmá Málọmọ́.

Ogójì ọdún ni obìnrin yìí ti ń ṣe òrí. Emi mẹ́fà ló wà lóko rẹ̀. Ní òwúrọ̀ yẹn, kùkùté mẹ́fà ló wà níbẹ̀, èèpo igi tó ní ọ̀dà funfun lára fọ́n ká ilẹ̀. Màmá jókòó lórí ọ̀kan nínú wọn. Ó dìde, ó bu omi wá.

“Ẹ kú làálàá, Tíṣà. Wọ́n ní nítorí igi lẹ ṣe ń sáré.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ọlọ́run á fún ẹsẹ̀ yín lókun. Ẹ bá wa sọ fún wọn o. Mo lọ bá Ìbídùn ọmọ mi wẹ ọmọ ní Agósásà. Kí n tó dé, àwọn onígẹdú ti gé emi mi, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n ní ọ̀dà wà lára wọn, pé ọ̀dà ni àmì igi tí ọ̀gá àwọn bá ti rà, àwọn rò pé mo ti tà wọ́n ni. Èmi! Kí n ta emi!”

Nathaniel gbé ife kúrò lẹ́nu. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ya òun alára lẹ́nu.

“Ta ló kùn wọ́n, Màmá?”

“Ẹni tó mọ̀ pé mi ò sí nílé ni. Kò ní…” Ó pa ẹnu dé. “Ẹ má bínú. Mi ò ní ṣépè lójú ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rere.”

Nathaniel dá ife padà fún un, ó dúpẹ́, ó sì sáré lọ.

Ó sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé emi mẹ́fà nìyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irúgbìn ló wà níwájú. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún dáwó? Ó ti ń gbọ́ fèrè báńdì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ń dúró dè é ní Àfọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bi arúgbó yẹn kò fi í sílẹ̀. Bí ó ti kun igi, àìmọ̀ ni. “Ta ló kùn wọ́n?” kì í ṣe àìmọ̀. Ó yí padà.

Màmá rí i tó ń bọ̀, ó rò pé òùngbẹ tún ń gbẹ ẹ́.

“Màmá, èmi ni mo kùn wọ́n.”

Màmá gbé ife tó ti mú sọ́wọ́ sílẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń fi ẹ̀yin bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó di ìwọ.

“Ṣé ìwọ ò mọ ohun tí ọ̀dà jẹ́ lára igi ni?”

“Ẹnìkan sọ fún mi. Mo fi ṣẹ̀rín. Mi ò bèèrè.” Ó kúnlẹ̀ sínú èèpo igi. “Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á gbin òmíràn fún yín, mà.”

“Emi tí o bá gbìn lónìí, ó di bí ogún ọdún kó tó so. Olùkọ́ ni ọ́. Bá mi ṣírò ọjọ́ orí mi.”

Nathaniel mú èèpo igi kan, ó ń fi èékánná ha ọ̀dà ara rẹ̀.

“Mélòó lo kùn?”

“Gbogbo ọ̀nà ni, mà. Láti Aiyétòrò.”

Màmá Málọmọ́ lọ síbi tí wọ́n ti sun èédú lẹ́yìn oko, ó ṣa ẹ̀kúnwọ́ kan wá, ó dà á lé e lọ́wọ́.

“Bí òwò igi bá bàjẹ́, èédú ni wọ́n fi ń fa ìlà lé ọ̀dà lórí. Ọjọ́ Ajé ni àwọn tó gé tèmi ń padà bọ̀. Dìde.”

Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un pé igi wo ni wọ́n sun.

Ó kọjú sí Aiyétòrò. Fóònù rẹ̀ dún. Ọlámipọ̀, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ni. “Ibo lẹ wà, sà? Bíṣọ́ọ̀bù ti dé, gbogbo ènìyàn ti dúró!” Nathaniel ní òun kò bọ̀ mọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó ṣèlérí owó padà sọ pé eré náà kò parí, òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Ó ń lọ láti igi dé igi, ó ń fa èédú dúdú kọjá lórí òrùka funfun. Bí ó bá bá ènìyàn lóko, yóò dúró, yóò sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ṣe. Ẹnìkan bú u. Obìnrin kan fi í ṣẹ̀sín pé ìwé ti pa á lóye. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Aiyétòrò, ó bá kùkùté méjì mìíràn níbi tó ti rí òrùka rẹ̀ ní àárọ̀, oje wọn kò tíì gbẹ. Kò sí ẹnikẹ́ni lóko náà. Ó jókòó tì wọ́n, èédú lọ́wọ́, ó ń dúró de ẹni tó ni wọ́n.