Dàbínù Tí Mi Ò Fi Lọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀kọ́ ilé dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú létí omi Jumeirah Lake Towers ní Dubai, láàárọ̀ Sátidé, lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ mi.

Àtọ̀gbẹ ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó la ẹnu: rárá, kì í ṣe pé mo jẹ ṣúgà jù. Ìbéèrè yẹn ti sú mi débi pé ẹni tó bá tún bi mí, ojú ẹ̀ á rí nǹkan. Type one ni tèmi. Ara mi ṣàdédé pa iṣẹ́ tì, kò pèsè insulin tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ mọ́, mo sì ti dàgbà kó tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mò ń gún insulin síkùn kí n tó jẹun. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà tí mo lẹ̀ mọ́ apá, òun ló ń sọ fún fóònù mi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ṣe pọ̀ tó. Tí ṣúgà bá ti ń já wálẹ̀ jù, fóònù á figbe ta.

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi náà á figbe ta. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé ní Sharjah. Ọjà Deira ní Dubai ló ti ń ra bàtà obìnrin àti báàgì ọmọdé ní páálí páálí, tó ń fi ránṣẹ́ sí Èkó. Òun ló tọ́ mi dàgbà, kò sì tíì gbà pé iṣẹ́ náà ti parí. Ó lè máa ná ọjà lọ́wọ́, kó ti máa pe ọlọ́jà ní habibi, ìyẹn ọ̀rẹ́ mi, kí fóònù dún, kó fi ọlọ́jà sílẹ̀ kó pè mí: "Kí lo jẹ? Ibo lo wà? Jókòó sílẹ̀!" Èmi á wà nínú ìpàdé ní ọ́fíìsì. Màá sì tún ìjókòó mi ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti jókòó tẹ́lẹ̀.

Mi ò lè bá a wí, ojú ẹ̀ ti rí nǹkan. Mo dá sáré lọ sétí omi ní Sharjah nígbà kan, ṣúgà mi já, mo ṣubú lulẹ̀. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ló gbé mi délé, iwájú orí mi ti bó. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó nujú tán, ó ní eré sísá ti parí nínú ilé òun.

Mo gbà fún un, àmọ́ ó ń dùn mí wọra. Bọ́ọ̀lù ni mo fi ìgbà èwe mi gbá. Èmi táwọn ará àdúgbò ń pariwo fún wá di ẹni tí wọ́n ń dì lọ́wọ́ mú kọjá títì! Mo fẹ́ kí ara mi tún padà di tèmi. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi ní ilé ìwòsàn pé kíláàsì eré ìdárayá kan máa ń wáyé ní Jumeirah Lake Towers ní Sátidé fún àwọn àgbàlagbà tó ní type one, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi nínú pálọ̀. Ó rò ó títí, ó wá ní: "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó o bá tún ṣubú, khalas. O ò ní í lọ mọ́."

Kóòṣì wa, obìnrin kúkurú kan láti Philippines, òun náà ní type one. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ láìfi fóònù han òun. Ẹni tí ṣúgà ẹ̀ bá ti fẹ́ lọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ nǹkan. Irin là ń gbé ká tó rìn, torí ó ní bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà kì í tètè já. Ó tún ní, "Insulin tó o gún láàárọ̀ kò mọ̀ pé o fẹ́ rìn. Ìwọ lo mọ̀, ìwọ ni kó o dín in kù." Kí kálukú sì mú nǹkan dídùn tiẹ̀ dání. Èmi mú dàbínù, mo dì í sínú ọ̀rá, ó kún dáadáa.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wo fóònù mi, ó ní kí n jẹ díẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Mo tú ọ̀rá. Kí n tó ju ẹyọ kan sẹ́nu, ẹnu mi ti sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi: "Ẹ wá bá mi jẹ o." Òyìnbó ni mo fi sọ ọ́, àmọ́ Yorùbá pọ́ńbélé ni.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í dá jẹun níwájú èèyàn kó má fi lọ̀ wọ́n. Mo jẹ àkàrà rí lójú àlejò nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ kúrò níwájú mi, ó gbé e fún àlejò, ó ní, "Wọ̀bìà!" Títí dòní, tí mo bá ń jẹ bísíkíìtì nínú lífítì, mo máa ń fi lọ àwọn tí mi ò mọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n nílé, a mọ ìdáhùn ẹ̀. Wọ́n á ní, "Á gba ibi ire," kálukú á gbájú mọ́ tiẹ̀, oúnjẹ ò ní í dín. Èmi ò mọ̀ pé ìdáhùn yẹn ò bá wa wọ bàálù.

Tíṣà kan tó jẹ́ ará Íjíbítì fi Lárúbáwá dúpẹ́, "Shukran, habibi," ó bu ẹ̀kúnwọ́. Ọkùnrin ará Íńdíà kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Silicon Oasis wo dàbínù, ó wo fóònù ẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ṣúgà tiẹ̀ dára, kò nílò nǹkan kan. Àmọ́ ó ní nílé àwọn, àbùkù ni kéèyàn kọ oúnjẹ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ó tẹ insulin sára nítorí dàbínù mi, ó sì jẹ ẹ́, ó tún mú sí i. Àwọn yòókù náà nawọ́, ọ̀rá sì ṣófo kí tèmi tó ju ẹyọ kan lọ. Mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún wọn. Inú mi ò dùn rárá.

A gbé irin, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ká tó yí omi náà po tán, fóònù mi figbe ta. Òógùn bò mí, mo di bẹ́ǹṣì kan mú kí n má bàa ṣubú. Mo tọwọ́ bọ ọ̀rá, kóró lọwọ́ mi bà, kóró tí tíṣà fi ìtìjú dá padà fún mi. Bí mo ṣe ní kí n pe kóòṣì ni fóònù ọkùnrin Silicon Oasis náà dún. Insulin tó fi bọ̀wọ̀ fún mi ti ń ṣiṣẹ́. Ìwà ọmọlúàbí mi ti gbé àgbà ọkùnrin méjì kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì.

Kóòṣì fún wa ní júùsì láti inú báàgì ẹ̀, ó dúró tì wá títí ara wa fi balẹ̀, ó wá kọjú sí mi. "Ta ló ní kó o pín oògùn ẹ? Ṣé o máa ń fi insulin náà lọ àwọn èèyàn?"

Ká sòótọ́, tí mo bá ń gún un lójú àlejò, ó máa ń ṣe mí bíi kí n béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń pè láti Deira. Mo ṣàlàyé fún un.

"Ìyẹn ni pé o pín in tán?"

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Má fọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Sátidé tó ń bọ̀, mò ń bá ẹ lọ. Tóhun tí mo bá rí níbẹ̀ ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ó parí nìyẹn."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ̀bìà. Mo jẹ ẹ̀pà ní ọ́fíìsì láìsọ̀rọ̀, mo kẹ̀yìn sí wọn, ẹnì kan bi mí bóyá mò ń bá àwọn jà. Mo gbìyànjú ẹ̀ nílé náà. Mo gbé ìrẹsì síwájú, mo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè: "Ṣé o ti yadi ni?"

"Ẹ wá jẹun, mà," ni mo yára sọ.

"Á gba ibi ire," ló dáhùn, ó sì padà sídìí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ bàtà kan nínú ọjà ẹ̀ tó yẹ kó ti wà lójú omi kó máa lọ sí Èkó. Nínú báàgì ẹ̀, júùsì wà níbẹ̀, ṣúgà oníhóró, búrẹ́dì, ẹyin bíbọ̀. Ó kí kóòṣì dáadáa, ó wá bi í: "Ṣé ó dá yín lójú pé kò ní í ṣubú?"

"Kò dá mi lójú," ni kóòṣì fèsì. "Ohun tó dá mi lójú ni pé ó mọ nǹkan tó yẹ kó ṣe."

Ìdáhùn yẹn ò dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí omi, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tá a bá yí po kọjá níwájú ẹ̀, ó ń wò mí bí ìgbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ń wo ẹrù. Èmi náà ń gbé àyà síwájú.

Ẹ wo ibi tí ayé ti mú mi: iwájú bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ni. Fóònù méjèèjì figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde, ó ti ń ṣí báàgì. Kóòṣì nawọ́ sí i: "Ẹ fi í sílẹ̀ ná."

Mo jókòó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo tú ọ̀rá dàbínù. Tíṣà dúró, ọkùnrin Silicon Oasis dúró, ẹni tó gbé àkàrà kúrò níwájú mi dúró lé mi lórí. "Ẹ wá jẹun, mà" ti dé orí ahọ́n mi. Tí mo bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo wọn á tún nawọ́, ẹ̀gbọ́n mi á sì rí i pé kò sóhun tí mo kọ́. Mo ju dàbínù sẹ́nu. Mo tún ju òmíràn. Mò ń jẹ ẹ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ nǹkan kan. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Inú tún ń bí mi, sí ṣúgà, sí àkàrà ọjọ́sí, sí gbogbo wọn pátá.

Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó, kò sì wo fóònù, ẹnu mi ló ń wò. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi dẹ́kun gbígbọ̀n. Kóòṣì yẹ nọ́ńbà wò, ó dúró, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti gòkè. Mo rò ó lọ́kàn pé khalas, èyí tí mo ṣe yìí burú ju kí n ṣubú lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́.

"Á gba ibi ire," ló wí.

Mi ò sì fi lọ̀ ọ́ o! Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, omi sì jáde lójú mi. Ó pa báàgì dé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì nínú bàtà Èkó yẹn.

"Kí lò ń wò?" ló ní. "Yalla, dìde. Wọ́n ti ń fi ẹ́ sílẹ̀."